Àkàrà Yín Wú, Màámi

Màámi ọ̀wọ́n,

Ọ̀sán Sátidé ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, nínú yàrá mi ní ilé àwọn tíṣà ní Èrúwà. Mo ti fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síbẹ̀ òórùn epo kò kúrò ní ìka mi, inú mi sì dùn pé kò kúrò. Mo ní ìròyìn fún yín. Ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè jókòó jẹ́jẹ́ kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà, tí mo tún padà wá jókòó. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, ẹrù kan wà lórí mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná.

Ṣé ẹ rántí ìdí igi odán wa ní Ìgbò-Ọrà? Agbada yín wà lórí ààrò, ẹ̀yin sì wà lórí àpótí kékeré yẹn tí kò gba ju ìdí yín lọ. Ẹ kì í wo epo kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti gbóná. Ojú ọ̀nà lẹ máa ń kọjú sí, ẹ ó máa kí àwọn tó ń lọ sóko, ẹ ó máa béèrè ìyàwó àti ọmọ, ṣùgbọ́n etí yín wà lọ́dọ̀ epo. Bó bá ti dún tán, tó wá dákẹ́, ẹ̀yin náà á dákẹ́, ọwọ́ yín á sì bọ inú ẹ̀wà. Àkàrà àkọ́kọ́ kì í ṣe títà. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ kọjá lọ sí ilé-ìwé ló ni ín, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹni tó bá yín jà lánàá. Bí ìyá ìbejì bá wá ra àkàrà sàráà, ẹ ó fi méjì lé e, ẹ ó ní ti àwọn méjèèjì nìyẹn o, kì í ṣe ti ìyá wọn. Bí òógùn bá sì bò yín lójú, ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ lẹ fi ń nù ún, nítorí ẹ̀wà wà ní àtẹ́lẹwọ́.

Ìyá Ràfíù wà ní òdìkejì títì, òun náà ń dín àkàrà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹ̀yin àti òun kò rẹ́. Bí ata yín bá dín, á sọ fún oníbàárà pé àkàrà Àṣàkẹ́ kò dùn lẹ́nu mọ́. Bí tirẹ̀ bá jóná, ẹ̀yin náà kì í dákẹ́. Àmọ́ bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa ń bá a lọ ẹ̀wà àkàrà ìṣínu rẹ̀, kó má baà dákú sórí ọlọ. Ojú mi rí i lọ́dọọdún. N kò mọ ohun tí mo ń rí nígbà náà.

Ẹrù tí mo wí nìyí. Mo wà ní fọ́ọ̀mù kejì ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tí ẹ fi mí sí ní Ìbàdàn. Ó di ọjọ́ ìbẹ̀wò. Àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bàtà gogoro ń dún kókókó lẹ́sẹ̀ àwọn ìyá. Ẹ̀yin wọ ọkọ̀ akẹ́rù láti Ìgbò-Ọrà. Eruku ọ̀nà wà lójú yín. Ẹ ru abọ́ tanganran ńlá, ẹ fi aṣọ funfun bò ó. Àkàrà fún gbogbo kíláàsì wa ni ẹ rù wá, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lè jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Fọláṣadé rí yín lókèèrè, ó bi mí pé, "Ta nìyẹn? Ìyá rẹ ni?"

Mo ní, "Rárá o. Ará ilé wa ni. Wọ́n rán an sí mi ni."

Ẹ ti dé ẹ̀yìn mi. Bí mo ṣe yíjú padà, mo rí i pé ẹ gbọ́. Ẹ sọ abọ́ kalẹ̀. Ẹ kí Fọláṣadé, ẹ bi í léèrè àlàáfíà ilé wọn. Ẹ wá kọjú sí mi, ẹ ní, "Àwọn ará ilé ní kí n kí ọ o," bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ sì yí padà, ẹ ń lọ. Omi lásán, ẹ kò dúró mu.

Ní gbogbo ìsinmi tí mo wá sílé lẹ́yìn náà, mo ń retí kí ẹ bá mi wí. Ẹ kò wí nǹkan kan. Ì bá sàn fún mi kí ẹ nà mí. Kí lẹ rò bí ẹ ṣe ń padà lọ nínú ọkọ̀ akẹ́rù yẹn? Ta lẹ jókòó tì? Ṣé ẹ kọjú sí igbó ẹ̀bá ọ̀nà kí wọ́n má baà rí omijé yín?

Ohun tó tún wá burú ni pé ẹ ń pè mí. "Wá di ọmọ odó yìí mú, kí n fi bí wọ́n ṣe ń lu ẹ̀wà hàn ọ́." Èmi á ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo ń kàwé." Ìwé ọ̀hún, n kì í ṣí i nígbà mìíràn. Mo kàn di í mú ni. Nígbà tí mo wá wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta mú yín lọ. Kí n tó rí ọkọ̀ dé Ìgbò-Ọrà, wọ́n ti sin yín. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo rí agbada tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, òjò ti pa á. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dín àkàrà. Gbogbo ohun tí mo jẹ dàgbà, n kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ ó rẹ́rìn-ín bí ẹ bá gbọ́ iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí. Oúnjẹ sísè ni mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin, èmi tí mo sá fún èéfín yín. Mo ń kọ́ wọn ní kéèkì, mo ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ́ tábìlì bíi ti òyìnbó. Ayé ti yí lẹ́yìn yín. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gbà báyìí, àwọn àgbà tó bá fẹ́ fò títì a sì máa wo ibi tí ọkọ̀ kò ti ní wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò há gbogbo wa mọ́ yàrá àwọn tíṣà. Mísìsì Ráò, ará Índíà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ṣí abọ́ kan. Nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan wà níbẹ̀, ó rí wúruwùru, àlùbọ́sà yọ lára rẹ̀. Ó ní àwọn máa ń lọ irú ẹ̀wà kan kúnná bí èlùbọ́, àwọn á fi omi díẹ̀ pò ó mọ́ ata àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n rẹ́, àwọn á sì dín in. Ní ìlú tiwọn, bí òjò bá ti ṣú ni gbogbo ilé á gbé epo kaná. Nọ́ọ̀sì Gíréèsì wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà, ará Jàmáíkà tó ń wá láti ọsibítù wo àwọn ọmọ wa. Ó jẹ ọ̀kan, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kò tó tàwọn. Ẹja oníyọ̀ làwọn ń já sínú ìyẹ̀fun, pẹ̀lú ata tó lè mú ọkùnrin sunkún, òun ni àárọ̀ àwọn. Pirinsípà wa, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó kàwé ní ìlú òyìnbó, ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dákẹ́. Ó ní ẹni tí kò bá tíì jẹ èso tí wọ́n rì bọ inú ìyẹ̀fun àti ẹyin, tí wọ́n dín, tí wọ́n wọ́n ṣúgà lé lórí, onítọ̀hún kò tíì jẹ nǹkan.

Gèésì ni gbogbo wa ń sọ, ṣùgbọ́n n kò ní fi Gèésì yọ yín lẹ́nu. Àríyànjiyàn náà le débi pé Pirinsípà ní ká kúkú fi í ṣe ìdíje lọ́jọ́ tí àwọn òbí máa wá sí ilé-ìwé. Kí oníkálùkù dín tirẹ̀. Àwọn àlejò láti yunifásítì Ìbàdàn ni yóò tọ́ ọ wò. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ tíṣà oúnjẹ, kí lo máa dín?"

Mo ní, "Àkàrà, mà."

"Àkàrà? Ti ẹ̀bá títì yẹn? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń bọ̀ o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀bá títì ni ìyá mi ti ń dín in. Alákàrà ni ìyá mi. Àkàrà ló fi rán mi lọ sí ilé-ìwé."

  Màámi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sọ ọ́ lójú ẹgbẹ́ mi. N kò kú. Ilé kò wó. Mísìsì Ráò kàn tún na abọ́ sí mi ni, pé kí n mú sí i.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé mo ti fọ́nnu ohun tí n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rẹ ẹ̀wà, mo gbé e lọ sí ẹ̀rọ, mo dín in ní ìdáná ilé-ìwé. Ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, epo ń kán lára rẹ̀. Mo fi ẹyin sí i, ó le. Mo fi páúdà tí wọ́n fi ń mú kéèkì wú sí i, ó wú lóòótọ́, ó sì korò bí ọṣẹ. Mo ń ka ìwé nípa oúnjẹ ní láíbìrì bóyá mo máa rí ìrànlọ́wọ́. Mo kà nípa àwọn ará Jàpáànù, pé omi tútù ni wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, wọn kì í sì lù ú, wọ́n kàn ń rò ó fẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n á rì ẹja àti ewébẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó yà mí lẹ́nu. Òdìkejì yín pátápátá. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan nínú láíbìrì yẹn tó kọ bí ìyá mi ṣe ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbò-Ọrà. Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ràfíù. Ó ti darúgbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, àmọ́ agbada rẹ̀ ṣì wà lórí iná. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀. Ta nìyí?"

"Ọmọ Àṣàkẹ́ ni, mà. Ti òdìkejì yín."

Ó yọ àkàrà tó wà nínú epo tán kó tó gbójú sókè. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọ Àṣàkẹ́ ni," ó ní, "àbí ará ilé Àṣàkẹ́?"

Màámi, orí ìkúnlẹ̀ tí mo wà ni mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì funfun tí mo wọ̀. Mo ní, "Wọ́n sọ fún yín?"

"Ta ni ì bá tún sọ fún? Bó ṣe sọ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló yà sí, kó tó dé ilé rẹ̀."

"Ṣé wọ́n sunkún?"

"Ó sunkún. Ó sunkún tán, ó fọ ojú, ó wá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìtìjú dà bí aṣọ ọmọdé, bí ọmọ náà bá dàgbà, kò ní gba ọrùn rẹ̀ mọ́. Ó ní, 'Ìyá Ràfíù, ọmọ mi á wá wá àkàrà lọ́jọ́ kan. Bí n kò bá sí nítòsí, má wo ìjà èmi pẹ̀lú rẹ o. Jọ̀ọ́, kọ́ ọ.'" Ó fi ìgbákọ na ẹ̀gbẹ́ agbada. "Mo ti ń retí rẹ láti ìgbà tí a ti sin ín. O pẹ́ púpọ̀."

Mo sunkún débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bi í bóyá ẹnì kan kú. Ó ní, "Rárá o, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni." Ó wá bojú wò mí. "Ó tó. Dìde. Bọ́ bàtà yẹn, kó o wá gbo ẹ̀wà."

Ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà pé ẹ máa lọ kí n tó wá? Kí ló jẹ́ kí ẹ gbà pé mo máa wá rárá, nígbà tí èmi fúnra mi kò mọ̀?

Sátidé mẹ́ta ni mo fi lọ. Ti àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan agbada. Ẹ̀wà rírẹ nìkan ló kọ́ mi: kó má pẹ́ nínú omi, kí èèpo kàn ṣáà tú, nítorí ẹ̀wà tó mu omi yó kò ní rí àyè fún afẹ́fẹ́. Ó ní kí n yé gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata oníkálùkù. Orí ọlọ ni, omi díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kan odó. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lù ú, wọn kì í yí ọwọ́ padà, títí ẹ̀wà á fi funfun, tí á fúyẹ́, tí á máa mí bí ọmọ tó sùn. Ó ju ẹ̀kán kan sínú ife omi. Ó rì. "Kò tíì tó." Mo tún lù ú. Ó tún rì. Apá mi ń já. Nígbà tó léfòó níkẹyìn, mo pariwo débi pé ewúrẹ́ sá lábẹ́ igi.

"Ó ku iyọ̀," ni mo wí.

Ó gbá mi lọ́wọ́. "Má dán an wò! Bí epo bá ti pè ọ́ ni iyọ̀ ń wọlé. Bí o bá fi iyọ̀ sí i báyìí, gbogbo ohun tó o lù á wó." Ohun tí n kò rí nínú ìwé nìyẹn. Ó sọ fún mi pé Àlàájà kan ládùúgbò dé láti Mẹ́kà, ó ní òun jẹ àkàrà àwọn Lárúbáwá lọ́hùn-ún, ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tútù. Ìyá Ràfíù ní òun gbà á gbọ́. Ó ní kò sí ibi tí Ọlọ́run dá obìnrin sí tí kò ní wá nǹkan jù sínú epo kí ọmọ lè jẹ. Mo bi í pé, ta ló mọ àkàrà dín jù nínú ẹ̀yin méjèèjì? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àṣàkẹ́ ni," ó ní. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ti ń sọ fún gbogbo ayé. Ẹ dárí jì mí.

Ọjọ́ náà pé. Gbọ̀ngán kún. Àwọn òbí wá láti Èrúwà, láti Igangan, láti Tápà. Tábìlì mẹ́rin ni wọ́n tò síwájú, sítóòfù kẹrosíìnì kọ̀ọ̀kan wà lórí wọn. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wa ni Mísìsì Ráò rẹ́ sínú tirẹ̀, ó ń já a sínú epo pẹ̀lú ìka, kíákíá bí ẹni ń ju oúnjẹ sí adìyẹ. Nọ́ọ̀sì Gíréèsì kò rí ẹja ìlú rẹ̀, ó fi pańla rọ́pò, ó ń dín in, ó ń jó ijó. Pirinsípà so épírọ̀nù funfun, ó la ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí méjì, ó dín in, ó wọ́n ṣúgà lé e bí ẹni tó ń lẹ àtíkè mọ́ ọmọ lọ́rùn. Gbogbo rẹ̀ ló ń ta sánsán.

Ó kan èmi. Sítóòfù mi ń rú èéfín, iná rẹ̀ kéré. N kò ní sùúrù, ojú gbogbo èèyàn wà lára mi, mo da ẹ̀wà sí i. Wọ́n rì, Màámi. Wọ́n rì sí ìsàlẹ̀ epo, wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Pirinsípà súnmọ́ mi, kò bínú rárá, ó kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí mi létí pé, "Fi í sílẹ̀. A ó sọ pé sítóòfù bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ìyá Ràfíù ti wá láti Ìgbò-Ọrà, ó jókòó sáàárín àwọn òbí. Ó dìde dúró. "Ọmọ Àṣàkẹ́!" ó ké. "Kí lo ń fi fìtílà ṣe? Gbé e jáde!"

Mo wo Pirinsípà. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Sítóòfù kò bàjẹ́. Èmi ni mo kánjú." Mo gbé ìkòkò ẹ̀wà, mo gba ẹnu ọ̀nà jáde sí ẹ̀yìn gbọ̀ngán, níbi tí àwọn alásè ilé-ìwé ti ń fi igi dáná. Mo bọ́ bàtà. Mo gbé agbada kaná, mo da epo pupa tuntun sí i. Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo kọjú sí ọ̀nà, mo sì ń kí àwọn tó ń jáde tẹ̀lé mi. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ilé ńkọ́?" Wọ́n rò pé orí mi ti yí. Mo ń gbọ́ epo. Ó kọ́kọ́ kùn. Ó ta díẹ̀. Ó wá dákẹ́, ìdákẹ́ tí mo gbọ́ láràárọ̀ ní gbogbo ìgbà èwe mi láì mọ̀ pé mo ń gbọ́ ọ. Mo bu iyọ̀ sí ẹ̀wà. Mo rò ó. Mo dà á.

Ó wú.

Ó wú, ó yí ara rẹ̀ padà bí ọmọ tó fẹ́ jí, ó pọ́n, ó tún wú. Mo dà á mẹ́wàá, mẹ́wàá ló léfòó. Kò sẹ́ni tó kù nínú gbọ̀ngán mọ́. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń ti ara wọn síwájú. Mísìsì Ráò ń bi mí kí ni mo fi sí i. Mo ní ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà, iyọ̀. Ó ní irọ́ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn onídàájọ́ jẹ́ obìnrin dúdú kan láti Bùràsíìlì tó wá kọ́ èdè wa ní yunifásítì. Ó ti ń fi Gèésì bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó mú àkàrà kan, ó gé e jẹ, ó dúró. Ó tún gé e. Omi dà lójú rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. "Akarajé."

Ó wá ń sọ Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta. "Ní ìlú mi, Bàhíà, àwa náà ń dín in. Ẹ̀wà yìí. Epo pupa yìí. A máa ń là á láàrin, a ń fi edé sí i. Ìyá ìyá mi dín in lójú títì títí ó fi kú. Mi ò tíì jẹ irú èyí láti ìgbà náà." Ó di ọwọ́ mi mú, tòun tepo. "Ta ló kọ́ ọ?"

Gbogbo wọn ń wò mí: Pirinsípà, àwọn òbí, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo gbé ohùn mi sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́.

"Ìyá mi ni. Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Alákàrà Ìgbò-Ọrà ni. Ìyá mi ni."

Ìyá Ràfíù ké láti ẹ̀yìn pé, "Èmi náà kọ́ ọ díẹ̀ o!" Ẹ̀rín bú. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó fi etí gèlè nu ojú.

Àkàrà yín ló ṣe ipò kìíní. Nọ́ọ̀sì Gíréèsì ló ṣe ìkejì. Wọ́n fún mi ní ife fàdákà kan tó ní etí méjì. Ìyá Ràfíù gbà á lọ́wọ́ mi kí ọkọ̀ rẹ̀ tó gbéra, mo sì gbọ́ pé ó ti ń fi í wọn ẹ̀wà. Ṣé ẹ rí i báyìí? Bó ṣe wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn, ṣebí?

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìròyìn mi máa parí sí, mo sì ti mú kálámù lọ́jọ́ náà. Ó dára tí n kò tíì kọ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé, Pirinsípà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí àkàrà wọ inú ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ wọn. Mo ní kì í ṣe àkàrà nìkan, mà. Mo lọ sí kíláàsì, mo bi àwọn ọmọ pé, ta ni ìyá rẹ̀ ń dín nǹkan tà? Wọ́n dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Mo dúró. Ó pẹ́ kí ọmọ kan tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó dìde, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Ìyá mi ń dín dùndún, mà. Ní ọjà Tápà."

Mo ní, "Lọ bá mi bẹ̀ wọ́n. Sọ fún wọn pé mi ò mọ dùndún dín."

Àná ni ìyá rẹ̀ dé. Wọ́n ru isu wá láti Tápà, wọ́n wọ aṣọ ọdún wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, wọn kò fẹ́ wọlé, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ wọn. Pirinsípà ń bọ̀ láti ọ́fíìsì, ó rí wọn. Màámi, obìnrin yẹn kúnlẹ̀ kí wọn. Ó lọ gbé àga ara rẹ̀ wá, ó gbé e síwájú pátákó, ó sì kọjú sí àwọn ọmọ.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ẹ kí tíṣà yín."

Gbogbo kíláàsì dìde. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló kọ́kọ́ kí wọn, ohùn rẹ̀ ló sì lọ sókè jù.

Ẹ sinmi dáadáa, Màámi. Mo fẹ́ràn yín lójú gbogbo ayé.

Èmi ni,
ọmọ tí ẹ bí.